Òkú Èkó Nínú Ìkòkò Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ létí títì ní Ẹ̀dúnàbọ̀n, òórùn ẹran tútù ni mo fi máa ń wọ Ifẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Alápatà á gé e fún mi láàárọ̀, á fi ewé dì í, èmi á gbé e lé itan nínú ọkọ̀, ewé á máa tutù sí mi lára bí a ṣe ń lọ, òórùn ẹ̀jẹ̀ àti ti ewé á sì pò mọ́ òórùn epo ọkọ̀. Àwọn èrò á máa fà sẹ́yìn fún mi kí n má baà ta ẹ̀jẹ̀ sí wọn láṣọ. Mi ò bìkítà. Bí mo bá dé ilé wa ní Òkèrèwè, ìyá mi á tú ewé náà lójú gbogbo ará ilé, wọ́n á fi ìka tẹ ẹran náà wò, wọ́n á ní, "Ọmọ mi ará Ẹ̀dúnàbọ̀n ló gbé e wá." Ìwọ náà mọ bí ìlú ṣe rí ní bíi ọdún 1993 sí 1994, tí epo di ọ̀wọ́n, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí. Ẹni tó bá lè gbé ẹran lọ fún ìyá rẹ̀ nígbà yẹn, kì í ṣe ọmọ lásán. Ọ̀nà tí mo fi ń sọ fún ìyá mi pé mo fẹ́ràn wọn nìyẹn, torí nílé wa, a kì í fi ẹnu sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ ni àìsàn náà ti kọ́kọ́ mú wọn. Obì ni ìyá mi ń tà, ọwọ́ la sì fi ń ṣe obì: wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣà á, wọ́n á fi ewé tẹ́ apẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dà á sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìnira àárọ̀ lásán. Bí wọ́n bá jí, ìka wọn kò ní ṣeé ká. Wọ́n á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, wọ́n á máa wò ó bí ẹni pé wọ́n yá ọwọ́ náà wá ni. Tí oòrùn bá ga, á tú díẹ̀. Nígbà tó yá, oríkèé ìka wú lọ́tùn-ún lósì, ọrùn ọwọ́ wú, orúnkún náà tẹ̀ lé e. Á rẹ̀ wọ́n bí ẹni tó ti oko dé, bẹ́ẹ̀ wọn ò kúrò nílé. Àwọn aládùúgbò ní òtútù omi tí wọ́n fi ń fọ obì ló dé sí wọn lára. Mo ra ìpara gbígbóná, mo fi ọwọ́ ara mi pa á fún wọn, mo ra ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Ìpara mú ojú títa wá, kò mú ìrora lọ. Ó dé ibi tí ìyá mi kò lè so ìró ara wọn mọ́, ẹlòmíràn ló ń bá wọn so ó, bẹ́ẹ̀ obìnrin tó le ni wọ́n, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan òun.

Láàárín àsìkò yìí ni àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní yunifásítì, gbé ìyàwó wálé. Ọ̀dọ̀ ìyá wa ni òun ń gbé, ibẹ̀ náà ni ìyàwó sì wọ̀ sí. Ará etí òkun ni ọmọbìnrin náà, ó wá láti ìhà Ìlàjẹ, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kì í sókè. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, á ní, "Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi," bí ìyàwó ilé ṣe máa ń pe ọmọ ilé, ì báà ṣe obìnrin. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Mo jó títí bàtà mi fi já. Mi ò mọ̀ pé ẹni tí mo ń jó fún ni yóò gba ìkòkò lọ́wọ́ mi.

Oṣù tí àwọn ọmọ iléèwé ń wọlé ni, aṣọ iléèwé kún ṣọ́ọ̀bù mi dé àjà, ni àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ gbé ìyá wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Èmi ò sí níbẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó láti dùn mí, torí èmi ni àkọ́bí. Àbúrò mi wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé làkúrègbé ni, pé irú èyí kì í ṣe ti ọjọ́ ogbó lásán. "Dókítà ní ara ló ń bá ara jà," ó ní. "Àwọn sójà tó yẹ kó máa ṣọ́ ilé ló yí ìbọn padà sí onílé." Lákòókò tí a wà nígbà yẹn, kò sẹ́ni tí irú àpèjúwe bẹ́ẹ̀ kò ní yé. Wọ́n ti fún wọn ní oògùn oníhóró tí wọn yóò máa lò, wọ́n sì ti bá wọn sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé ẹran mi dé. Kí n tó kan ilẹ̀kùn ni òórùn ti pàdé mi lọ́nà. Ẹja ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja gbígbẹ tí òórùn rẹ̀ máa ń pe ènìyàn wá jẹun. Òkú Èkó ni. O rántí pé bí a ṣe ń pe ẹja inú yìnyín nìyẹn, nítorí pé láti Èkó ni wọ́n ti ń kó o wá, gbígan, tó lajú sílẹ̀, tí kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó kú. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ẹran ló ń rà á. Nílé bàbá wa, a kì í jẹ ẹ́ lójú àlejò. Àní ìyá mi rèé, lórí àpótí, abọ́ lórí itan, wọ́n ń fi ìka wọn tó wú yẹn yọ egungun ṣáwá.

"Màámi, kí lẹ̀ ń jẹ yìí?"

"Oògùn ni," wọ́n ní, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Wọ́n ní kí n máa jẹ ẹja. Wọ́n ní ọ̀rá ara irú èyí dára fún oríkèé mi. Ẹran pupa ni kí n dín kù."

Mo wo ewé tó wà lọ́wọ́ mi. Mo béèrè irú ẹran tó ń jẹ́ ẹran pupa. Ìyá mi ní kí ló tún lè jẹ́, bí kò ṣe màlúù pupa, ewúrẹ́ pupa, àgùntàn pupa. Mo yíjú sí ìyàwó, ó ní òun wà nídìí fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oògùn nígbà tí wọ́n ń bá Màmá sọ ti oúnjẹ, pé ohun tí Màmá bá sọ ni òun mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú mi. Ṣebí èèwọ̀ a máa ní àwọ̀ lọ́dọ̀ wa? Ìdílé kan kì í jẹ adìẹ funfun, òmíràn kì í jẹ ewúrẹ́ dúdú, a kì í sì í bi wọ́n léèrè ìdí. Kí ló wá dé tí èèwọ̀ òyìnbó kò fi ní ní àwọ̀ tirẹ̀? Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo ti rí ọ̀nà tí ẹran mi yóò máa gbà wọlé.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wo awọ màlúù nìyẹn. Láàárọ̀ Sátidé, mo máa ń tètè dé ọ̀dọ̀ alápatà kí wọ́n tó bó ẹran, kí n lè fi ojú mi rí i pé dúdú ni. Alápatà náà wò mí títí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá aránṣọ, ṣé ẹran lẹ fẹ́ jẹ ni àbí awọ lẹ fẹ́ rán?" Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní kó gé ti dúdú fún mi, kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ti dúdú kò bá sí, ọwọ́ òfo ni mo máa ń gbé lọ sí Ifẹ̀, inú á sì máa bí mi dé Òkèrèwè.

Inú tó ń bí mi kò sí lórí ẹran nìkan, jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Owú ni. Ìyá mi ń jẹ ẹran mi, ṣùgbọ́n ẹja ìyàwó ni wọ́n ń jẹ tán. Wọ́n á mú orí ẹja náà, wọ́n á fà á mu títí yóò fi mọ́ bí eyín. Ọmọbìnrin yẹn kì í dín in, omi ata pẹ̀lú àlùbọ́sà ló fi ń sè é, epo rẹ̀ kì í pọ̀, á wá rẹ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí i nígbẹ̀yìn kí ẹ̀fọ́ náà má baà kú. Ó ń se ẹ̀wà fún wọn, ó ń bó ọsàn fún wọn, ó fi ọgbọ́n gba ṣúgà kúrò nínú ẹ̀kọ mímu wọn láìjẹ́ pé wọ́n bá a jà. Bí mo bá ń bọ̀ láti ìta, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ nílé ìdáná, ohùn ìyá mi á rọ̀ lọ́nà tí kì í gbà rọ̀ fún mi. Tí mo bá wọlé, wọ́n á dákẹ́, ìyá mi á ní, "O ti dé? Ṣé o jẹun?" bí ẹni ń kí àlejò. Wọ́n ti ń pe ọmọbìnrin náà ní Àánú-mi. Àánú-mi, gba omi wá. Àánú-mi, bá mi na ẹsẹ̀ yìí. Èmi tí wọ́n bí, mi ò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ní Ẹ̀dúnàbọ̀n, ọkọ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Bí mo bá ti ti Ifẹ̀ dé tí mo ń jan nǹkan mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, á ní, "Òwú lo fi ń ránṣọ, owú lo fi ń rìnrìn-àjò." Ó ní kí n rántí pé ìyá mi kì í ṣe ọkọ mi, pé èmi àti ìyàwó àbúrò mi kì í ṣe orogún. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òun gan-an ló mọ̀ ọ́n pè, torí bí orogún ṣe ń wo abọ́ orogún ni mo ṣe ń wo abọ́ ọmọ yẹn. Mo fẹ́ kí ìyá mi sàn, Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fẹ́ kí wọ́n ti rí ìwòsàn náà.

Ara wọn sì ń dá díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń lo oògùn wọn, ìka wọn ń tètè tú láàárọ̀, wọ́n ń lọ sẹ́yìnkùlé láìdi ẹnikẹ́ni mú. Àbúrò mi ní ẹja ni. Mo ní ẹran dúdú ni. Kò sẹ́ni tó dárúkọ oògùn nínú wa.

Nígbà tí ọjọ́ tí wọn yóò padà sí ilé ìwòsàn pé, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo ní èmi ni n ó mú ìyá mi lọ. Ìyàwó náà kò jiyàn, ó kàn gbé báàgì tẹ̀ lé wa. A rí dókítà, lẹ́yìn náà ni a lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ó ní kí Màmá sọ ohun tí wọ́n ń jẹ fún òun. Ìyá mi nà ró lórí àga. Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti wí, a ò fẹnu kan ẹran pupa mọ́. Dúdú ni ọmọ mi ń rà fún mi. Ó máa ń dúró kí wọ́n pa màlúù náà lójú ẹ̀ kó lè rí awọ ẹ̀." Wọ́n sì nawọ́ sí mi, pẹ̀lú ìgbéraga.

Obìnrin náà wò mí, ó wo ìyá mi, ó bo ẹnu. Ó gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń bẹ̀ wá. "Ẹ forí jì mí, Màmá, èmi ni mi ò ṣàlàyé tó. Ẹran ara ẹ̀ ni mò ń wí, kì í ṣe awọ ẹ̀. Tí wọ́n bá bó o, tó bá pupa ní tútù, òun ni. Màlúù ni o, ewúrẹ́ ni o, àgùntàn ni o, ì báà dúdú bí kóró iṣin." Ó ní kì í ṣe májèlé, pé bí wọ́n bá jẹ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò burú, ṣùgbọ́n ẹja ni kó máa pọ̀, pàápàá àwọn ẹja ọlọ́ràá bíi ṣáwá àti Títọ́ọ̀sì. Mo bi í bóyá ti inú yìnyín náà wà níbẹ̀. Ó ní, "Àní òun gan-an. Ẹni tó bá ń se òkú Èkó fún Màmá, ẹ bá mi kí i." Ó fi kún un pé kí wọ́n má ṣe dá oògùn dúró nítorí oúnjẹ o, pé oúnjẹ kò lè ṣe iṣẹ́ oògùn, alábàárù ló kàn jẹ́ fún un.

Kò sí ohun tí mo gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ju kíkí yẹn lọ. Mo ní kí n wo ẹ̀rín ìṣẹ́gun lójú ìyàwó àbúrò mi, kí n rí ohun tí n ó mú bínú, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín rárá, ilẹ̀ ló ń wò. Ìyẹn tún wá bí mi nínú jù. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, ìyá mi sùn, wọ́n gbé orí lé èjìká rẹ̀. Èjìká mi wà níbẹ̀, lápá kejì.

Mo gbà pé orí ẹja ni ogun náà wà, nítorí náà mo gbé ẹja. Kì í ṣe òkú Èkó o. Ẹja àrọ̀ tútù tó ṣì ń jà nínú ike ni mo ra, tó wọ́n débi pé ọkọ mi béèrè bóyá a fẹ́ máa sìn ín ni. Mo sè é fún ìyá mi fúnra mi, mo dúró tì wọ́n. Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n ní, "Ó dára." Wọ́n ti abọ́ náà díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ti Àánú-mi kì í ní ẹrẹ̀ lẹ́nu báyìí." Mo fọ ìkòkò mi, mo darí lọ sílé. Sátidé kejì mi ò lọ. Sátidé tó tẹ̀ lé e náà mi ò lọ. Mo ní kí Àánú wọn máa ṣàánú wọn.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, mo gbójú sókè lórí ẹ̀rọ, mo rí ìyàwó àbúrò mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Eruku ọ̀nà ti kùn ún lẹ́sẹ̀. Ó kúnlẹ̀, kò sì dìde. Ó ní Màmá ti dá oògùn dúró. Wọ́n ní ẹja ti wo àwọn sàn, kí ló kù tí àwọn tún ń gbé oògùn mì sí. Wọ́n ti da hóró oògùn náà sí ààtàn láti bí ìgbà tí mo ti ṣíwọ́ wíwá, òun kò sì tètè mọ̀. Báyìí orúnkún wọn ti wú, ọwọ́ wọn ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, láti àná ni wọn ò ti lè dìde.

"Ìwọ àti ọkọ ẹ ò lè bá wọn wí?" mo ní.

"Ti àbúrò yín, ẹ̀rín ni Màmá máa ń fi í ṣe. Tèmi, wọ́n ní, 'Àánú-mi, má ṣèyọnu, lọ jẹun.' Ẹnu ìyàwó ò gbà á, ọkọ mi. Ẹ̀yin nìkan ni ẹnu yín gbà á."

Ṣé kí n parọ́ fún ọ? Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ìyá mi wà nílẹ̀ tí wọn ò lè dìde, inú mi dùn pé wọ́n wá pè mí. Bí owú ṣe rí nìyẹn, kò mọ ìgbà tó yẹ kó jókòó. Nígbà tí a wọkọ̀ tán ni ẹ̀rù wá bà mí. Ọmọbìnrin náà jókòó tì mí, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. Ó ní, láìwojú mi, "Màmá kì í bá mi jà rí. Bẹ́ ẹ bá ti lọ, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ráhùn yín: ó lágídí, ó gbówó sọnù lórí ẹran, kò mọ ọbẹ̀ sè. Èmi nìyí, lójoojúmọ́, Àánú-mi, Àánú-mi. Ó wù mí kí wọ́n bú mi lẹ́ẹ̀kan." Mo ti rò pé èmi nìkan ló ń jowú nílé yẹn.

A bá ìyá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú wọn ti rù. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n kọ ojú sí ògiri.

"Oògùn dà, Màámi?"

"Mo ti sàn. Ẹja ti wò mí."

"Ó dáa. Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í bá ìyá rẹ̀ sọ. Ẹ dìde kẹ́ ẹ gbá mi létí kí n tó bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n yíjú padà, inú bí wọn, wọ́n fẹ́ dìde lóòótọ́. Wọ́n fi ìgúnpá ti bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ kò gbà fún wọn, orúnkún kò gbà. Wọ́n ṣubú padà sórí ìrọ̀rí. Mo dúró, mi ò ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì ń dùn mí títí dé ọkàn. Mo ní, "Ṣé ẹ rí i? Ẹja tó wò yín sàn kò lè gbé yín dìde gbá ọmọ yín létí." Mo bá wọn wí lọ bẹ́ẹ̀, mo sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nílé yẹn kò lè sọ, mo ní ṣé wọ́n fẹ́ kí ọwọ́ wọn ká bí ẹsẹ̀ adìẹ ni, ṣé wọ́n fẹ́ kí ìyàwó máa fi ṣíbí bọ́ wọn títí ọjọ́ alẹ́ wọn. Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o ti gbàgbé ọ̀nà Ifẹ̀."

"Inú ló ń bí mi."

"Sí ta ni?"

"Sí ẹja," mo ní.

Ìyá mi wò mí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ń dùn wọ́n lára, wọn ò sì lè dá a dúró. Lọ́jọ́ yẹn gan-an la gbé wọn padà sí ilé ìwòsàn. Dókítà bínú, ó wá fún wọn ní oògùn mìíràn mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń ti oògùn bọ̀ wọ́n lẹ́nu tí mo bá wà níbẹ̀, ìyàwó á sì gbé omi dúró. Mo padà sí Sátidé mi. Ẹran di ohun ọdún.

Ó pẹ́ kí ara wọn tó balẹ̀, kò sì lọ tán rárá, torí irú àìsàn yẹn kì í lọ tán, ó máa ń sùn ni. Ṣùgbọ́n òjò ọdún kejì bá wọn níbi tí wọ́n ti ń so ìró fúnra wọn. Sátidé kan báyìí, èmi àti ìyàwó pàdé lẹ́nu ọ̀nà, èmi gbé ẹ̀wà sísè láti Ẹ̀dúnàbọ̀n, òun ti ọjà dé pẹ̀lú ẹja rẹ̀. A kò tíì pinnu èwo ni wọn yóò jẹ, a sì ti ń wo abọ́ ara wa láti ẹ̀gbẹ́ ojú, nígbà tí a gbọ́ ìró ọ̀bẹ nílé ìdáná. Ìyá mi ló wà nídìí pátákó, wọ́n ń gé àlùbọ́sà. Ó rí wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kò dọ́gba, ọ̀bẹ náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n àwọn ló dì í mú. Mo fẹ́ gbà á. Ìyàwó náà na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ jáde fún mi," wọ́n ní. "Ẹ gbé ẹja yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ jáde. Ọdún wo lẹ tún fẹ́ máa dáná fún mi dà?"

A jáde, a jókòó sórí pèpéle bí àwọn tí ọkọ lé kúrò nílé. Ìyàwó wo iwájú. Ó ní, "Ọkọ mi, ta la wá máa jowú báyìí?"

"Ọwọ́ wọn," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí à ń jà sí. Ipò tí èmi àti ọmọ yẹn ń fi ìkòkò dù, àìsàn ló là á sílẹ̀ fún wa. Bí ìyá mi bá ṣe ń sàn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ipò náà ń kéré sí i, a sì ti ń fi ẹja, ẹ̀fọ́ àti oògùn lé ara wa kúrò níbẹ̀ láìmọ̀. Oúnjẹ tó dára fún aláìsàn, bóyá òun ni èyí tí yóò jẹ́ kó lè lé alásè jáde lọ́jọ́ kan. Inú mi dùn, mo sì ń jowú, àwọn méjèèjì jọ jókòó sínú mi lórí pèpéle yẹn, wọn ò sì bá ara wọn jà.

Ìgbà náà ni ìyá mi pè láti inú ilé. "Kí ẹnì kan wá bá mi ṣí agolo tòmátì yìí."

Àwa méjèèjì la jọ dìde, a sì fi èjìká gbá ara wa lẹ́nu ọ̀nà.